Ìbéèrè Yín Lórí Awọ Ara: Kí Ló So Sọríásísì Pọ̀ Mọ́ Kòkòrò Àìfojúrí?

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní oṣù yìí ló dá lórí àìsàn kan ṣoṣo, ìyẹn sọríásísì, àìsàn tó máa ń mú kí awọ ara nípọn, kí ó wú, kí ó sì máa bó ní ìpẹ́pẹ́ funfun. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ ni ipa tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń kó nínú rẹ̀, nítorí náà mo fi gbogbo ààyè tí mo ní jìn wọ́n.

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí sọríásísì ti wà ní ìgúnpá, orúnkún àti àtàrí mi. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń sọ fún mi pé kì í ràn, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sì fi ń fi àwọn ará ilé mi lọ́kàn balẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo ka iṣẹ́ ìwádìí kan tí onímọ̀ ìṣègùn awọ ara kan tó ń jẹ́ E. William Rosenberg tẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ pé kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́ sí sọríásísì. Ìyàwó mi náà kà á. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ya aṣọ ìnura mi sọ́tọ̀. Ṣé àwọn dókítà ń tàn mí ni, àbí Rosenberg ló ṣìnà? — Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn yín jù lọ: sọríásísì kì í ràn. Ìfọwọ́kàn kì í tàn án kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ìnura, ibùsùn, síbí tàbí omi ìwẹ̀, tọkọtaya kì í sì í kó o ran ara wọn. Ní ọdún 2014, àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò sórí ìpinnu kan tó ka sọríásísì mọ́ àwọn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kì í ràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú ìwé yìí han ìyàwó yín, kí aṣọ ìnura yín lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn dókítà yín kò tàn yín, Rosenberg náà kò sì sọ ohun tó tako tiwọn. Ọ̀tọ̀ ni pé kòkòrò lọ́wọ́ sí àìsàn kan, ọ̀tọ̀ ni pé àìsàn náà ń ràn. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ń sá fún àwọn tó ní sọríásísì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó.

Yunifásítì Tennessee, ní ìlú Memphis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni Rosenberg ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, ohun tí ó gba ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀ lọ́kàn ni bí awọ ara ṣe ń kánjú. Nínú ara tó dá ṣáṣá, sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní ìsàlẹ̀ awọ máa ń lo nǹkan bí oṣù kan kí ó tó dé òkè, kí ó sì bọ́ dànù láìsí ẹni tó mọ̀. Nínú sọríásísì, ọjọ́ mélòó kan péré ni ó ń gbà, ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó fi ń ṣù jọ di ìpẹ́pẹ́. Èrò tó gbilẹ̀ ni pé àbùkù wà lára sẹ́ẹ̀lì awọ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tí Rosenberg ń bi wọ́n ni pé: kí ló ń lé sẹ́ẹ̀lì yìí tó fi ń sáré?

Ní ọdún 1980, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ìbéèrè yín. Wọ́n mú Malassezia, ẹ̀yà kòkòrò kan láti ìdílé olú tó ń gbé lórí awọ gbogbo àgbàlagbà, pàápàá ní àtàrí, láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá po òkú rẹ̀ pọ̀ kí ó ki dáadáa, tí wọ́n sì ń fi í pa awọ ehoro. Awọ àwọn ehoro náà nípọn, ó sì ń bó lọ́nà tó jọ sọríásísì. Ẹ ṣàkíyèsí pé kòkòrò tó ti kú ni wọ́n lò. Òkú kòkòrò kò lè bí sí i, kò lè jẹ ẹran ara, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ràn. Ohun yòówù tó ṣẹlẹ̀ sí awọ ehoro yẹn, awọ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nígbà tí ó ń dá kòkòrò lóhùn.

Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ Rosenberg fì sí fún ọ̀pọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, ní àjọṣe pẹ̀lú àwọn onímọ̀ bíi Patricia Noah àti Robert Skinner. Ní ọdún 1994, wọ́n tẹ ìwé ìwádìí kan jáde tí àkọlé rẹ̀ gan-an sọ pé sọríásísì ni ohun tí ojú ń rí nígbà tí awọ bá ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí. Wọn kò sọ pé kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ kòkòrò sọríásísì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé oríṣiríṣi kòkòrò, èyí tó wà lára gbogbo ènìyàn àti èyí tó ń wọ ọ̀fun wa lóòrèkóòrè, lè ta ara àwọn kan jí sí ìjà tí kì í tán.

Ẹ fojú inú wo àdúgbò kan tí èkúté ń rìn nínú àjà gbogbo ilé ibẹ̀. Nínú ilé mẹ́sàn-án, ọlọ́dẹ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èkúté, ó sì mọ̀ pé èkúté ni. Nínú ilé kẹwàá, ọlọ́dẹ gbà pé olè ti wọlé, ó sì ń yìnbọn láti alẹ́ di òwúrọ̀ títí ògiri fi lu. Èkúté ilé kẹwàá kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, ìwà ọlọ́dẹ ibẹ̀ ló yàtọ̀, ìwà náà kò sì lè fo ọgbà lọ sí ilé kejì. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni irú ọlọ́dẹ bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń wá. Àbùdá tí a mọ̀ jù lọ mọ́ sọríásísì ni HLA-C*06:02, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ara sì ni láti máa fi ègé ohun tó bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì han àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara, kí wọ́n lè mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àbùdá yìí ni sọríásísì máa ń mú, ọ̀pọ̀ ni kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ní in.

Ohun tó mú kí n máa fi ọ̀wọ̀ ka iṣẹ́ Rosenberg ni ohun tí àwọn mìíràn wá rí lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ní ìlú Kiel, lórílẹ̀-èdè Jámánì, kó ìpẹ́pẹ́ tó bọ́ lára àwọn tó ní sọríásísì jọ, wọ́n sì yọ purotéènì kan jáde láti inú rẹ̀ tí ó ń pa bakitéríà. Beta-defensin-2 ni wọ́n pè é. Ẹ ò rí i pé ohun tí aláìsàn ń gbá dànù lórí ibùsùn ní àràárọ̀ kún fún oògùn apakòkòrò tí awọ fúnra rẹ̀ ṣe! Èyí ló tún ṣàlàyé ohun kan tí àwa dókítà awọ ti ń rí tipẹ́: ojú sọríásísì lè sán, ó lè ṣẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ kò wọ́pọ̀ kí kòkòrò sọ ọ́ di egbò kíkẹ̀, nígbà tí ẹ́kísémà, àìsàn awọ mìíràn tó máa ń yúnni, tí kò ní irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, máa ń kẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó di ọdún 2007, ìwádìí mìíràn fi hàn pé òmíràn nínú àwọn ohun ìjà wọ̀nyí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LL-37, lè so mọ́ DNA (ohun tí àbùdá wà nínú rẹ̀) ti ẹni náà gan-an tó tú jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì tó kú, kí àwọn ọmọ ogun ara wá rò pé fáírọ́ọ̀sì ni àwọn rí. Ohun ìjà ti wá di ohun tó ń fẹ́ iná ìjà náà nìyẹn.

Síbẹ̀, n kò ní fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní New York fi àyẹ̀wò àbùdá ka oríṣiríṣi bakitéríà tó wà lójú sọríásísì, wọ́n sì rí i pé wọ́n yàtọ̀ sí èyí tó wà lára awọ tó dá ṣáṣá. Àwọn ènìyàn fi èyí hó yèè, ṣùgbọ́n ní tèmi, kò tíì sọ ohun tí à ń wá. Awọ tó nípọn tó sì gbẹ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀tọ̀, irú koríko tó máa hù níbẹ̀ kò lè jọ ti ilẹ̀ tútù. Bí kòkòrò yàtọ̀ lójú sọríásísì, ó lè jẹ́ pé sọríásísì ló pè wọ́n wá. Bákan náà ni ọ̀nà ìtọ́jú tí Rosenberg fara mọ́, pé kí a wá kòkòrò tó ń ta aláìsàn kọ̀ọ̀kan jí, kí a sì fi oògùn kojú rẹ̀, kò rí ẹ̀rí tó tó láti gbé e dúró fún gbogbo ènìyàn. Ó wúlò fún àwọn kan. Òògùn ketoconazole, tó ń pa Malassezia, ti mú kí sọríásísì orí fúyẹ́ lára àwọn aláìsàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí èyí lọ ń ra oògùn apakòkòrò mu fúnra rẹ̀ yóò kàn máa kọ́ kòkòrò ara rẹ̀ bí a ṣe ń borí oògùn ni.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dùn ún gan-an, ibà sì mú un. Ó yá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn àmì kéékèèké bí ẹ̀kán òjò bo àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, dókítà sì sọ pé sọríásísì ni. Kí ló pa ọ̀fun pọ̀ mọ́ awọ? Ẹnì kan ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì fún un kó lè tètè pòórá, ẹlòmíràn ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé bèlúbèlú rẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. — Ìyá tó ń ṣàníyàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀kán òjò tí ẹ fi ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn oníṣègùn fi sọ irú sọríásísì yìí lórúkọ, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ẹ̀kán omi. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló sábà máa ń mú, ó sì máa ń tẹ̀ lé ọ̀fun dídùn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Láti ọdún 1916 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Winfield ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé sọríásísì lè tẹ̀ lé bèlúbèlú tó wú. Nínú gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa kòkòrò àti sọríásísì, èyí ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù.

Kòkòrò tó sábà ń fà á ni Streptococcus pyogenes. Nínú bèlúbèlú, ìyẹn ẹran méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun, ni àwọn ọmọ ogun ara ti ń kọ́ bí wọn yóò ṣe dá kòkòrò yìí mọ̀. Àmọ́, purotéènì kan wà lára Streptococcus tó jọ keratin, ohun tí a fi mọ awọ wa. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé àwọn ọmọ ogun tó ti kọ́ láti gbógun ti ti àkọ́kọ́ máa ń rin ìrìn-àjò dé awọ, tí wọ́n á rí èkejì, tí wọ́n á sì ṣì í mú. Nítorí náà, àmì ara ọmọ yín kì í ṣe egbò tí kòkòrò ń jẹ. Ó lè bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré, kí ó jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú wọn, kí ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí dókítà fi òwú gba nǹkan díẹ̀ ní ọ̀fun rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bí Streptococcus bá ṣì wà níbẹ̀, ó yẹ kí a tọ́jú ọ̀fun náà dáadáa, kí ọmọ sì lo oògùn rẹ̀ pé, nítorí kòkòrò yìí lè ba ọkàn jẹ́ bí a bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé oògùn náà ni yóò pa àmì ara rẹ́: àgbéyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ọdún 2019 lórí àwọn ìwádìí tó wà rí i pé wọ́n kéré jù láti fi sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ, àmì náà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn kan wà tí ó máa ń padà wá bá tàbí tí ó máa ń di ọlọ́jọ́ pípẹ́ lára wọn, n kò ní fi èyí pa mọ́ fún yín.

Ní ti abẹ́rẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á. Ó lè mú kí awọ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí agbára rẹ̀ bá ti ń lọ, sọríásísì lè padà pẹ̀lú ìbínú, kí ó bo gbogbo ara, tàbí kí ó di èyí tó ń sọ ooyún kéékèèké káàkiri, irú èyí tí a ń dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀. Ìpara sìtẹ́rọ́ìdì tí dókítà awọ bá dìídì kọ, tó sì sọ iye ọjọ́ tí ẹ óò fi lò ó, kò sí lára ohun tí mo ń bá wí.

Ní ti bèlúbèlú, àwọn onímọ̀ ní Iceland tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2012 lórí aláìsàn 29 tí sọríásísì wọn ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́, tó sì máa ń le sí i nígbàkígbà tí ọ̀fun bá dùn wọ́n. Wọ́n gé bèlúbèlú àwọn 15, sọríásísì sì fúyẹ́ lára 13 nínú wọn, èyí tó kéré jù fi ìdá 30 nínú 100 dín, èyí tó pọ̀ jù fi ìdá 90 dín. Ìwádìí tó dára ni, mo sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó kéré, àwọn tí wọ́n ṣe é fún kò sì jọ ọmọ yín, tí èyí jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí ọ̀fun bá ń dùn ún léraléra lọ́jọ́ iwájú, tí àmì ara náà sì ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà náà ni kí ẹ bá dókítà sọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ kò yẹ báyìí.

Ìbéèrè: Dókítà, ọmọ ogún ọdún ni mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé kòkòrò wà nínú ọ̀rọ̀ sọríásísì ni mo ti ń fi ọṣẹ apakòkòrò àti kànrìnkàn líle fọ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí ìpẹ́pẹ́ náà lè bọ́ tán. Dípò kí ó dín, ó tún ti hù sí ibi tí mo ti ń ha ara. Ṣé n kò fọ̀ ọ́ tó ni? — Ọmọbìnrin kan

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ti fọ̀ ọ́ jù. Ẹ̀gbin kọ́ ló fa sọríásísì, kò sì sí ẹni tó yẹ kí ó fi ìmọ́tótó bú ọ. Láti ọdún 1872 ni dókítà ará Jámánì kan, Heinrich Köbner, ti ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ibi tí a bá ti ha awọ ẹni tó ní sọríásísì, tí a gé e, tàbí tí a jó o, sọríásísì lè hù síbẹ̀ gan-an, lórí ìlà tí èékánná gbà kọjá. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ nìyẹn. Kànrìnkàn líle ń dá ọgbẹ́ tí ojú kò rí, ọgbẹ́ náà sì ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde.

Bẹ̀rẹ̀ láti òní, ọwọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni kí o fi wẹ̀, ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí o sì fi ìpara tó ń mú awọ rọ̀ pa ara kí omi ara tó gbẹ. Bí ìpẹ́pẹ́ bá nípọn, dókítà lè kọ ìpara tó ní salicylic acid fún ọ láti fi rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Àtàrí nìkan ni mo lè gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o ti gbìyànjú ọṣẹ ìfọrun oníketoconazole, nítorí ibẹ̀ ni Malassezia pọ̀ sí jù.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Dókítà. Ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní abẹ́rẹ́ kan fún sọríásísì mi, wọ́n ní ó ń dènà ohun kan tó ń jẹ́ IL-17. Awọ mi ti mọ́ débi tí n kò rò pé ó lè mọ́ mọ́ láyé mi. Ṣùgbọ́n nǹkan funfun ti bo ahọ́n mi, ẹnu sì ń ta mí bí mo bá ń jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún dókítà mi, kí wọ́n má baà gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ mi. — Ẹni tí ara tù

Ìdáhùn: Mo bá yín yọ̀ gidigidi, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ sọ fún dókítà yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Candida, ẹ̀yà kòkòrò mìíràn láti ìdílé olú, tó ń gbé lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn láìdá nǹkan kan sílẹ̀. IL-17 jẹ́ oníṣẹ́ tí àwọn ọmọ ogun ara máa ń rán láti lé Candida sẹ́yìn ní ẹnu àti ní awọ. Òun kan náà ló ń lé sẹ́ẹ̀lì awọ yín tó fi ń sáré nínú sọríásísì. Nígbà tí oògùn dí ọ̀nà mọ́ ọn, awọ yín sinmi, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ dín kù lẹ́nu ọ̀nà tí Candida ń gbà. Láti ọdún 2015 tí a ti fọwọ́ sí àkọ́kọ́ nínú irú oògùn yìí, secukinumab, ni a ti mọ èyí mọ́ wọn. Ìgbàkígbà tí mo bá rí i lẹ́nu aláìsàn ni mo máa ń rántí ohun tí Rosenberg kọ ní 1994, nítorí kò sí ibi tí a ti lè rí i kedere tó báyìí pé ohun ìjà tí ara fi ń bá kòkòrò jà ni ó fi ń ṣe sọríásísì.

Lọ́pọ̀ ìgbà, Candida irú èyí kì í le, oògùn olómi tí a ń fi yọnu tàbí oníhóró fún ọjọ́ díẹ̀ sì máa ń borí rẹ̀ láìjẹ́ pé a dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Bí oúnjẹ bá ń dùn yín láti gbé mì, tàbí tí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ lọ lọ́jọ́ náà.